Àgbo tí Mo Bá Ajá Àna Mi Mu

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ẹ̀rù ajá ń bà mí. Ó ti ń bà mí láti kékeré, ó sì ń bà mí títí di òní tí gbogbo irun orí mi ti funfun. Bí ajá bá ń bọ̀ lápá òsì ọ̀nà, apá ọ̀tún ni mo máa gbà. Bí kò bá sí àyè lápá ọ̀tún, mo lè padà sílé, kí n ní mo gbàgbé nǹkan. Èmi yìí kan náà ni gbogbo Lagos Town àti Alajo, ní Accra, ń pè ní dókítà ajá lọ́dún tí Ghana gba òmìnira. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo ti rẹ́rìn-ín ara mi tó kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Télọ̀ ni mí nígbà náà. Accra ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, àlùbọ́sà ló sì tà ní Lagos Town títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Alajo, mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, mo sì ní ẹnu. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu nìkan ni kì í bàjẹ́. Lọ́dún yẹn, kò sí télọ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, nítorí kò sẹ́ni tí kò fẹ́ aṣọ tuntun tí yóò fi yọ̀ pé òyìnbó ń lọ. Èmi ń rán àsíá kéékèèké tà. Pupa rẹ̀ gún, ìyeyè rẹ̀ gún, àwọ̀ ewé rẹ̀ gún, ìràwọ̀ dúdú àárín rẹ̀ ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Obìnrin Gà tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gbé ọ̀kan sókè, ó wò ó títí, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá pè mí, ó ní, “Ao, Alata! Ṣé akàn lo gé sí i ni?” Mo tà á bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ènìyàn dùn jù láti máa ka ẹsẹ̀ ìràwọ̀ lọ́dún náà.

Ọmọbìnrin kan wà ní Lagos Town tó máa ń gbé aṣọ wá fún mi rán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kì í rán aṣọ rẹ̀ dáadáa. Mo máa ń jẹ́ kí apá kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀, kí ó lè padà wá bínú sí mi. Ó bínú sí mi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kí ó tó wá yé e pé télọ̀ kan kò lè gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́, ẹ yé fìyà jẹ aṣọ mi.” Mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tí ó sì kú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ di ohun tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo lọ kí bàbá rẹ̀ kú ará-fẹ́ra-kù. Àgbàlagbà tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ni bàbá náà. Iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, apá kan ilẹ̀kùn nìkan ló ń ṣí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú, mo sì fẹ́ dìde kí n máa lọ. Bàbá ní kí n jókòó. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ìwọ ni télọ̀ tí kì í rí apá méjì gé dọ́gba.” Ara mi gbóná. Ó ní, “Ọmọ ta ni ọ́? Irú ilé wo ni yín ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

Ìbéèrè yìí kò le. Ọmọ alálùbọ́sà ni mí, kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, kí n ṣe jẹ́ẹ́. Àmọ́ àlùbọ́sà kò dùn ún dá orúkọ nígbà tí ènìyàn bá ń wá ìyàwó. Mo rántí pé ìyá bàbá mi máa ń sọ pé baba ńlá wa kan gbé ìbọn rí. Mo gbẹ́nu sókè, mo ní, “Ilé ọdẹ ni wá, Bàbá. Ọdẹ paraku.” Èmi tó jẹ́ pé aáyán inú àpótí aṣọ ni ẹran kan ṣoṣo tí mo dọdẹ rẹ̀ rí! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ojú Bàbá là. Ó dìde, ó ní, “Ọmọ ọdẹ! Àwọn ọdẹ ló mọ ajá. Máa bọ̀.”

Ẹ̀yìnkùlé ló mú mi lọ, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Ajá funfun kan, etí rẹ̀ kan pupa, dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta, irun rẹ̀ ń jábọ́ ní wọ́njọwọ̀njọ. Ajá ìyá tó kú ni. Orúkọ tí ìyá náà sọ ọ́ gùn, torí òwe ni. Obìnrin àdúgbò kan tó máa ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ onílé wò ló fi ń bá wí. N kò ní pe orúkọ náà níbí, nítorí àwọn ọmọ obìnrin ọ̀hún ṣì wà láàyè. Bàbá ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú jáde ni ajá náà kò ti jẹun gidi mọ́. Ó ń lá omi, ó lè jẹ èérún kan bí ebi bá fẹ́ pa á kú, ó tán. Wọ́n ti gbé ẹran fún un, wọ́n gbé ẹja fún un, wọ́n gbé kẹ́ńkẹ́ fún un, gbogbo ẹni tó ní òun mọ ajá ti wá wò ó.

Ó ní, “Ṣe é kí ó jẹun. Bí ó bá jẹun, nígbà tí ọ̀fọ̀ bá kúrò nílẹ̀, kó àwọn ènìyàn rẹ wá, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì kú sí ọ lọ́wọ́…” Kò parí rẹ̀. Ó yí padà, ó wọlé.

Ọmọbìnrin náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé yóò fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni, ṣùgbọ́n omi ló wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá, kì í ṣe ajá nìkan. Bàbá náà kì í jẹun. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún wọn, iwájú ajá ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n á ní ó di ìgbà tí ó bá jẹ kí àwọn náà tó jẹ. Bí ajá yìí bá lọ, Bàbá á tẹ̀lé e. Mo mọ̀ ọ́n.” Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ tí mo fi ṣeré ti di ẹrù tí mo máa rù.

Mo délé, mo jókòó, mo ronú. Kí ni mo mọ̀? Ìyá bàbá mi, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́ wa, ní ìkòkò àgbo kan tí kì í kúrò lórí ààrò. Inú rẹ̀ ló ti ń bu fún ọmọ tí ibà ń ṣe, fún ewúrẹ́ tí inú rẹ̀ wú, òun náà sì ń fi ra orúnkún. Kò tọ́jú ajá rí lójú mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo ní ajá kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, ìkókó náà kò lè sọ ọ́. Ajá ń sunkún lásán, ìkókó ń sunkún lásán. Àwọn méjèèjì ń tọ̀ síbi tó bá wù wọ́n. Ohun tí a ń ṣe fún ìkókó ni n ó ṣe fún un. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí débi pé mo sùn fọnfọn.

Ara tó ń bó ni mo kọ́kọ́ kojú. Mo ra àdí lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa ní Lagos Town, mo ra imí ọjọ́, mo se ewé dóńgóyárò, mo mú kànìnkànìn dání. Mo gun orí odó kan tó wà ní àgbàlá, mo ń da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ajá náà lára láti òkè bí ẹni tó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Kò janú, kò gbó. Ó kàn ń wò mí bí àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọ tó ń pariwo. Nígbà tí mo rí i pé kò lágbára láti bu mí jẹ, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi kànìnkànìn bó o, mo fi àdí àti imí ọjọ́ pa á lára. Mo wá rántí pé ìkókó tí a bá wẹ̀ tán, a máa ń nà á lọ́wọ́, a máa ń nà á lẹ́sẹ̀, a ó sì sọ ọ́ sókè díẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè le. Mo na ajá lọ́wọ́. Mo na ajá lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ sókè, ó wúwo.

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà ni, ó fi etí aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ ọdẹ, ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé yín nìyẹn?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ti ayé àtijọ́ ni.”

“Mo rí i.”

Ajá funfun di ajá aláwọ̀ ìyeyè. Òórùn imí ọjọ́ bo àgbàlá, ó bá mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó wọ inú aṣọ oníbàárà. Mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí ọjà lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló rí ibòmíràn sún sí. N kò jókòó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ọkọ̀. Obìnrin oníkẹ́ńkẹ́ ní kí n gbé àga mi wọnú ilé, pé òórùn mi ti wọ ọjà òun. Hausa kan tó ń gbé obì wá láti Nima bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní likitan karnuka, èyí ni pé dókítà ajá, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí. Kí n má purọ́, ajá náà kò họra tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ara yíyún kọ́ ni wọ́n ní kí n wò. Kò jẹun. Ó tún kọjú sí ògiri. Bàbá náà gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ lọ síwájú ajá bó ṣe ń ṣe, ó sì gbé e padà bó ṣe wà.

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ìgbànú Bàbá ti wọ ihò tí kò sí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìṣó lu òmíràn ni. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, àgbo ló kù.

Mo se é fúnra mi. Mo já ewúro, mo já dóńgóyárò, mo ra èèpo ọ̀gànwó. Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé inú tó bá dọ̀tí ni kì í gba oúnjẹ, pé kí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Fún inú fífọ̀, ewé àsùnwọ̀n ni. Ewé àsùnwọ̀n díẹ̀ báyìí tó láti lé àgbàlagbà kúrò níbi tó jókòó sí. Ẹkúnwọ́ méjì ni mo kó sí i. Ẹni tó bá ń kánjú fẹ́yàwó kì í mọ ìwọ̀n.

Mo gbé igbá àgbo dé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá wà lórí àga. Mo na ọwọ́ síbi ẹnu ajá, ó pa eyín dé. Mo fẹ́ rọ ọ́ bí a ṣe ń rọ ọmọ, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bo imú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo eyín náà, mo sì rántí pé ìka ni mo fi ń jẹun nínú iṣẹ́ télọ̀. Mo wá rántí bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Kì í dúró fún ọmọ lóògùn. Á jókòó sílẹ̀, á kọ́kọ́ mu ẹnu kan níṣojú ọmọ, á ní, “Ẹni tó gbé nǹkan fúnni ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.” Bí a ṣe ń ṣe níbi ẹmu náà nìyẹn, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí ibi nínú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti ajá náà yóò jọ rí ojú ara wa lọ́gbọọgba. Mo mu ẹnu kan. Yéè! Ó korò dé ìpàkọ́ mi. Mo ní, “Ó dùn o.” Ajá wo ibòmíràn. Mo mu ẹnu kejì, mo fi ahọ́n lá ètè. Ajá mú imú wá, ó gbóòórùn igbá náà, ó sín sí mi lójú. Mo rò pé ó fẹ́ gbà nìyẹn. Ni mo bá tún mu. Ojú Bàbá wà lára mi, ojú ọmọ rẹ̀ wà lára mi láti ojú fèrèsé, kò sí bí mo ṣe lè gbé igbá sílẹ̀ kí n ní ó ti sú mi. Mo ń mu, mo ń sọ pé ó dùn, mo ń mu. Ìgbà tí mo fi máa wo inú igbá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan ló kù.

Kò pẹ́ tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ajá ló ń kùn. Ó tún kùn. Ṣáláńgá ilé náà wà ní òpin àgbàlá, àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò Bàbá. Mo dìde tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, mo lọ síwájú àgbàlagbà tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà tí Yorùbá ti ń dọ̀bálẹ̀, kò tíì sí ìdọ̀bálẹ̀ tó léwu tó ìyẹn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́.”

Ó fún mi. Mo lọ, mo bọ̀, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo tún dọ̀bálẹ̀ gbà á. Nígbà tó yá Bàbá ní, “Mú un dání, ọmọ ọdẹ. Ìwọ lo nílò rẹ̀.” Mo lọ títí tí n kò fi mọ ẹni tó ń lọ mọ́, bóyá èmi ni tàbí òjìji mi. Ìgbà kan tí mo ṣí ilẹ̀kùn láti jáde, mo rí i: ajá náà ti kúrò nídìí ògiri, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, ó ń dúró dè mí.

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti padà wọlé kí n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́jọ́ yẹn n kò ní agbára ẹ̀rù. Mo wọ́ ara mi dé abẹ́ igi, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Ọmọbìnrin náà sáré gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá. Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan sínú, ẹ má kú sí wa lọ́rùn.” Mo bu àkàrà kan, mo jẹ ìdajì, ọwọ́ mi sì wó lulẹ̀. Ni mo bá gbọ́ èémí lọ́rùn mi. Mo mọ̀ pé ajá ni, mo sì mọ̀ pé èmi ló fẹ́ jẹ. Mo di ojú. Mo na ìdajì àkàrà tó kù sí i bí ẹni tó ń bẹ olè, mo ní, “Gbà, má ṣe mí ní nǹkan.”

Ó gbà á. Jẹ́jẹ́ ló fi ètè mú un, eyín rẹ̀ kò kàn mí. Mo gbọ́ tí ó ń jẹ ẹ́.

Mo la ojú kan. Mo bu òmíràn, mo jẹ díẹ̀, mo na ìyókù sí i. Ó gbà á. Mo fi ìka bọ ògì, mo lá a, mo tún fi bọ̀ ọ́, ó lá ti ẹ̀. Mo gbọ́ gbàm̀! Àga Bàbá ló ṣubú. Ó ti dìde, ó dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ó ní, “Bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ yìí, bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn! Kì í gbé àwo sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí, á bù sẹ́nu ara rẹ̀, á wá bù fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Ojú mi rí i, èmi kò rí i.”

Ó sì jókòó sílẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó mú àkàrà, ó bù ú jẹ, ó na èyí tó kù sí ajá. Ajá náà wò ó, ó mi ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á. Bàbá mú òmíràn. Ó ń jẹ, omi ojú ń kán sórí àkàrà, ó ń fún ajá, ó ń jẹ. Ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Èmi náà fẹ́ sunkún, ó wù mí gan-an ni, àmọ́ inú tún kùn, kọ́kọ́rọ́ sì ti jábọ́ lọ́wọ́ mi sínú ògì.

Bàbá sọ fún gbogbo Lagos Town pé àgbo ọdẹ ló wo ajá òun sàn. N kò bá a jiyàn. Ta ni èmi tí n ó máa bá àgbà jiyàn? Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ajá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tó yarọ, èyí tó ń wú ikọ́, èyí tó kàn burú nínú. Mo máa ń gun orí tábìlì ìgéṣọ kí n tó dá wọn lóhùn, kí n ní ewé tí a fi ń ṣe é kò sí nílùú yìí, àfi Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n yin ìbọn òmìnira, ọmọbìnrin náà mú ajá rẹ̀ wá sí Alajo kí ó wá gba aṣọ. Bí ìbọn ṣe dún, ajá sá wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ká mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kò lè jáde, n kò lè dìde. Gbogbo Accra ń jó, àwa méjèèjì ń gbọ̀n.

Mo kó àwọn ènìyàn mi lọ nígbà tí ọ̀fọ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ọmọ wọn. Ajá náà pẹ́ láyé, ọjọ́ ogbó ló pa á. Láti ìgbà yẹn Bàbá kò pe orúkọ mi rí. “Ọmọ ọdẹ” ló ń pè mí níwájú àlejò, níwájú àwọn ọmọ mi, nínú àdúrà pàápàá. Nígbàkígbà tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, nǹkan kan máa ń ta mí ní ìdí, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ ẹ.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ìyàwó mi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, kò wọlé. Ó ní, “Bàbá kò jẹun.” Ibà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn fún un lóògùn, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó mi se àgbo, ó ní ó korò. Wọ́n gbé oúnjẹ lọ, wọ́n gbé e padà. Ó ní ó rẹ òun, pé ìyá wọn ti ń dúró de òun tipẹ́.

Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Mo ti rí ẹ̀yìn tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Mo bu àgbo tí ìyàwó mi sè sínú ife, mo bi í bóyá àsùnwọ̀n wà nínú rẹ̀, ó ní kò sí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo mu ẹnu kan, mo ní, “Ó dùn o, Bàbá.”

Kò yí padà. Mo mu ẹnu kejì, mo lá ètè kí ó lè gbọ́.

Ohùn rẹ̀ wá láti ibi ògiri. Ó ní, “Ọmọ alálùbọ́sà, ṣé ajá ni mí?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀?”

“Ta ni kò mọ bàbá rẹ ní Lagos Town? Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá wọn ti ń ra àlùbọ́sà. Láti ọjọ́ tí o ti la ẹnu ni mo ti mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ fi wá gbé ajá lé mi lọ́wọ́?”

Ó ní, “Ẹni tó lè pa irú irọ́ yẹn nítorí ọmọ mi, mo fẹ́ wo ibi tí yóò rù ú dé.” Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, mo sáré dìde, ẹ̀rín ni. Ó yí ojú sí mi, ó ní, “O rù ú dé ṣáláńgá.”

Mo ní, “Ṣùgbọ́n ajá yẹn gbọ́ràn jù yín lọ, Bàbá.”

Ó na ọwọ́. Mo gbé ife lé e lọ́wọ́, ó mu ún tán, ó fa ojú ro, ó bú mi. Ìyàwó mi ti gbọ́ ẹ̀rín láti ìta, ó gbé àkàrà wọlé, ó dúró, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Mo gbà á. Mo tún jókòó sílẹ̀, mo bù ú jẹ, mo na èyí tó kù sí Bàbá, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi.